Ẹnu Jẹ́ẹ̀tì

Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ búlúù kan dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì
láti ilé ìpọntí kan lẹ́yìn Ọ̀bàdà:
ọtí ẹ̀gẹ́. Kò sí òórùn tí mo mọ̀ nínú rẹ̀.
Ìbídọ̀tun, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní,
"Ohun tí a ó fi sáré lọ́dún yìí nìyẹn.
Ẹni bá gbé bẹntiróò wá, kó gbé e padà sílé."
Ó gbé àṣíborí rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì mi, ó lọ.
Eré ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Ogún ọdún ni mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe ní Láfẹ́nwá,
níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń mi páànù orí wa.
Ohun tí Ọ̀gá Ṣógbèsan fi lé mi lọ́wọ́ kí ó tó kú kò pọ̀:
"Tú púlọ́ọ̀gì. Wo imú rẹ̀.
Bó funfun bí ẹfun, ebi ń pa ẹ́ńjìnnì.
Bó dú bí ìdí ìkòkò, o ti ki epo bọ̀ ọ́ lọ́fun jù.
Bó pọ́n bí èèpo àkàrà,
dé e padà, gba owó rẹ."

Mo tú púlọ́ọ̀gì. Ó funfun.
Mo fi kún epo. Ó funfun.
Mo tún fi kún un, ó ń wò mí bí eyín ọmọdé.
Ọtí kì í kun nǹkan lẹ́fun tàbí lédùú;
iná rẹ̀ pàápàá, ojú kì í rí i lọ́sàn-án gangan.
Mo ta díẹ̀ sílẹ̀, mo ṣáná sí i, n ò rí nǹkan kan
àfi koríko tó ń súnkì fúnra rẹ̀.
Ọ̀gá, ẹ ò kọ́ mi ní èyí.

Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀ ni bẹntiróò ń fẹ́
kí ìwọ̀n kan rẹ̀ tó jó tán.
Ọtí ò ju mẹ́sàn-án lọ.
Ẹni tó lè ka owó lè ka ìyẹn.
Àmọ́ ọwọ́ ni yóò gbẹ́ ihò náà,
ihò tí orí abẹ́rẹ́ yóò há sí,
bó bá sì fi ìbú irun kan jù, ta ni yóò dí i padà?

Ìyá mi paró ní Ìtòkú, apá rẹ̀ dú dé ìgúnpá.
Lọ́dún tí èlú wa wọ́n, tí wọ́n kó ti Ìsẹ́yìn wá,
kò fi igbá àná wọn omi eérú.
Ó fi ìka kan ahọ́n, ó tutọ́ dànù, ó ní,
"Eléyìí ń bínú. Ẹ jẹ́ ká rọra bá a sọ̀rọ̀."
Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọmọdé ni mí.

Mo gbẹ́ jẹ́ẹ̀tì kìíní, mo gun òkè Ìdí-Àbà nínú ọyẹ́.
Etí ni mo gbé fún un.
Ó húkọ́ lẹ́nu kabúrétọ̀: ebi.
Ìkejì húkọ́, àmọ́ ó pẹ́ kó tó húkọ́.
Ìkẹta bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́; mo jù ú sí gọ́tà,
mo bú ọmọṣẹ́ tí kò ṣẹ̀ mí.
Ìkẹrin gun òkè bí ẹni tí a pè wá jẹun.
Mo fọwọ́ sún mọ́ páìpù rẹ̀: ó gbóná, kò bínú.

Lọ́jọ́ eré, oòrùn là, afẹ́fẹ́ fúyẹ́;
mo sọ abẹ́rẹ́ kabúrétọ̀ kalẹ̀ ní ipele kan.
Ẹni tó ń ṣíwájú dúró ní àyíká karùn-ún,
ihò tó kọ́bọ̀ ti lu orí písítìnnì rẹ̀.
Ìbídọ̀tun ṣe ipò kẹrin.
Wọ́n fún ẹni kìíní ní fìríìjì. Wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́.

Lálẹ́ mo tú ẹ́ńjìnnì lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì.
Písítìnnì ń dán. Kò lápá, kò níhò,
kò sì ní àwọ̀ àkàrà.
Mo gbé e sókè síwájú àwòrán Ọ̀gá lára ògiri,
mo dá a dúró síbẹ̀ títí apá fi ń ro mí.