Ọmọńlé Ọ̀sán

Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo gbé àga mi sí, lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsánlú-Ìsin,
látìgbà tí dókítà Òmù-Àrán ti ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.
Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Páànù ti ń ta lójú oòrùn.
Mo rí i:
kò gùn tó ìka ọwọ́ mi,
orí rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ọsàn tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ká a,
ẹ̀yìn rẹ̀ bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀,
ìrù rẹ̀ bí aró tí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.
Ó dorí kodò, ó ń wò mí.
Ọmọńlé ni.
Ní ọ̀sán gangan.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì.
Mo kọ ọ́ sójú pátákó: Ẹranko òru ni ọmọńlé.
Mo fa ìlà sí i nídìí.
Súfíánù, ọmọ aránṣọ ará Òkè-Oǹígbin, nawọ́:
"Tísà, mo mọ ọ̀kan tó ń jẹun lọ́sàn-án
lóko bàbá mi àgbà. Ó láwọ̀ bí aṣọ ọdún."
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Mo ní alángbá ló rí. Mo ní kó kúnlẹ̀,
kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè títí aago yóò fi lù.
Kò sunkún. Ojú fèrèsé ló ń wò.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo ti ń ṣọ́ ọ.
Ẹyinjú ọmọńlé ara ògiri a máa fún bí ojú abẹ,
tirẹ̀ rí róbótó, bíi kóró ìbẹ́pẹ.
Kò ní ìpéǹpéjú; bí eruku bá bà á lójú,
ahọ́n ni yóò fi nù ún.
Èmi ní ìpéǹpéjú. Mo sì lò ó dáadáa.

Kò sí àtè kankan ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀,
irun wíńníwíńní tí ojú lásán kò lè rí ló fi ń di ara igi mú,
ṣóńṣó ìrù rẹ̀ náà ń dì í mú, bí ẹsẹ̀ karùn-ún.
Èèrà ló ń jẹ, àti èsúnsún lẹ́yìn òjò;
bí òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣí, yóò rọra lá omi dídùn inú rẹ̀,
àwọn oyin a sì sún fún un.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ológbò fò mọ́ ọn.
Ìrù já, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún nílẹ̀ bí ẹja.
Ológbò dúró ti ìrù. Onírù ti lọ.
Òmíràn ti ń hù báyìí, ó kúrú, ó rí bí eérú.

Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó mi, gbé ìgbálẹ̀ wá:
"Bó bá já sínú ọbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ó lóró."
Mo ní kò lóró kankan.
"Ṣé ó dá yín lójú, Tísà?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun náà ló rí ẹyin wọn nígbà tó fẹ́ já ewé gbígbẹ:
méjì, funfun, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé.
Kò já ewé náà mọ́. Ó fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ so ó padà.

Kí ìrun màgàríbì tó dé, àwọ̀ rẹ̀ a ti ṣá,
a dà bí èèpo igi, a wọlé sínú pàlàpálá.
Tara ògiri a sì jáde sídìí gílóòbù:
ọlọ́dẹ ọ̀sán fi iṣẹ́ lé ti òru lọ́wọ́.

Wọ́n ní Súfíánù ń ran aṣọ ní Jẹ́bà.
Ẹ̀yìn káàdì oògùn mi ni mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí.
Láàárọ̀ yìí mo tẹ ẹ́ dé orí mẹ́jọ.
Ó ku mẹ́ta.
Lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó yọ ahọ́n,
ó nu ojú ọ̀tún, ó nu tòsì,
ó tún ń wò mí.