Ọ̀kẹ́ Méjì

Ọjọ́ Ẹtì ni owó náà wọlé,
ọ̀kẹ́ méjì kírónà, kò dín ẹyọ kan.
Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀ ni mo ti buwọ́ lùwé
fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Tromsø.
Oddvar ò mọ̀.
Ó gbá mi léjìká lẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń la ẹja,
ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí ẹ̀dọ̀ pánla,
ó ní, "Ragnhild, ọdún tó ń bọ̀, tiwa ni."
Mo rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbé mì.

Àjẹmọ́nú ni wọ́n ń pè é.
N ò tíì jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀,
ó ti há mi lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja.

Oṣù Ọ̀pẹ nìyí ní Vardø:
oòrùn ti di àlejò tó lọ tí kò dágbére,
iná la fi ń jẹun ọ̀sán.
Mo ka lẹ́tà wọn lẹ́ẹ̀mẹta.
"Fún iṣẹ́ ọdún tó ń parí lọ" ló wà níbẹ̀.
Kò sí "bí o bá dúró".
Ìwé ò bẹ̀ mí ní nǹkan kan,
ọwọ́ tó gbá mi léjìká ló bẹ̀ mí.

Mo pe ìyá mi, Bergljot,
tó ti ń gé ahọ́n pánla láti ọmọ ọdún méje.
Ó ní, "Ọdún tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ wa pa,
àpótí ẹja kan ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n ní ó dàbọ̀.
Jẹ owó rẹ."
Ó gbé fóònù sílẹ̀,
ìròyìn ojú ọjọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi ò purọ́.
Òru tí póǹpù kẹta dákú, aago méjì,
omi dì pa nínú páìpù,
mo fàyà lélẹ̀ lórí yìnyín,
ìka mi méjì funfun títí dòwúrọ̀,
òwúrọ̀ tí kò mọ́.
Lọ́jọ́ tí a sin Halvard, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi,
fóònù dún nínú àpò mi, mo sì dìde
kí orin tó parí.
Kíkan ni mo kọ́kọ́ jẹ.
Ṣé dídùn rẹ̀ ló wá dolè?

Síbẹ̀,
ká ní mo ti wí fún un lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀,
ṣé owó yẹn ìbá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì?
Mo mọ ìdáhùn.
Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó dákẹ́.

Mo gbé lẹ́tà tèmi lọ bá a.
Ó kà á, ó yọ dígí ojú, ó fi etí súwẹ́tà nù ún.
Mo ní, "Bí ẹ bá fẹ́, n ó dá a padà."
Ó wo ojú fèrèsé bí ẹni pé òkun ló sọ̀rọ̀.
Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.
Ó ní, "Ta ni yóò máa gbọ́ póǹpù kẹta?"

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé gbèsè wà lóòótọ́,
àmọ́ báǹkì kọ́ la ti ń san án.

Mo pa owó mọ́. Mo fi díẹ̀ ra táyà òtútù.
Ṣùgbọ́n fún Sátidé mẹ́ta, lọ́fẹ̀ẹ́,
mo jókòó ti Eskil, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dábàá àtihù,
mo kọ gbogbo ohùn póǹpù yẹn sílẹ̀ fún un:
bó ṣe ń kùn bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú,
bó ṣe ń hanrun bí inú rẹ̀ bá dùn,
àti ìdákẹ́jẹ́ kan tó burú ju ariwo lọ.
Ó ní, "Báwo ni n ó ṣe dá ìyẹn mọ̀?"
Mo ní, "Ó máa jí ẹ."

Tromsø nìyí. Aago méjì òru.
Mo ti na ọwọ́ sí fóònù kí n tó rántí.
Kò dún.
Yálà Eskil ti dé ibẹ̀,
tàbí oorun ṣì gbé e lọ.