Ẹ̀wù Òtútù Bàbá Àgbà

Ọyẹ́ ti dé kí n tó rówó ọkọ̀.
Mo dúró létí títì Àkúrẹ́, níbi tí ilé ti ń tán ní Ìlẹ́ṣà,
aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí,
mo na ọwọ́ sí ohun tí n kò rí.
Kùrukùru ti gbé òpó iná mì, ó gbé ilé epo mì,
ó wá ku iná ọkọ̀ méjì méjì tí ń bọ̀ bí ojú ológbò.
Ẹ dákun, ẹ gbé mi, n ò lówó lọ́wọ́!
Wọ́n kọjá. Eruku ló dá mi lóhùn.

Lálẹ́ àná, màmá àgbà jókòó ti àdògán,
ó ń fi òrí ra gìgísẹ̀ tó là bí ilẹ̀ odò tó gbẹ.
"Fọlárìn, má gba ọ̀nà òkè.
Ọyẹ́ tó ń ta wá lẹ́nu níbí, ọmọ ọwọ́ ni,
ìyá rẹ̀ ń bẹ ní Sókótó;
ẹni tó bá sùn sórí ẹrù lọ́hùn-ún, á jí bí ẹja gbígbẹ.
Ìsàlẹ̀ ni kí o dorí kọ. Ọ̀rẹ̀. Ṣápẹlẹ̀.
Ibi tí atẹ́gùn ṣì lómi nínú.
Fi òrí sápò. Má fi ètè tó là bẹ ọkọ̀,
awakọ̀ tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ẹ á rò pé o jà ni."

Ó fa ẹ̀wù òtútù bàbá àgbà yọ nínú àpótí,
ó ń rùn káfúrà.
Bàbá tó fi ẹsẹ̀ ṣe òṣómàáló,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti Ìkìrun dé Ọ̀fà,
tí kò bẹ ọkọ̀ rí,
torí ọkọ̀ ò tí ì pọ̀ tó ohun tí èèyàn ń bẹ̀.
Mo ní, "Ìsàlẹ̀ gbóná, màmá, kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe?"
Ó ní, "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko.
Àwọn tó ń fi ìyẹn rín wa,
ta ni wọ́n gbọ́ pé òtútù pa lóko nínú wa?"

Ìkẹtàdínlógún ló dúró. Pákó ló kó.
Bàbá Gàníyù yọ orí: "Ibo lò ń lọ?"
"Ibi tó bá gbóná."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Gòkè."

Ẹni tó ní ọ̀nà ìsàlẹ̀ kì í tutù
kò tí ì jókòó sórí pákó ní òkè Ìpetu, nínú ọyẹ́.
Múfú, ọmọ ọkọ̀, wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo,
eyín rẹ̀ ń lù bí ẹni ń jẹ gúgúrú.
A jọ wọ ẹ̀wù náà:
apá òsì tèmi, apá ọ̀tún tirẹ̀,
àárín rẹ̀ fà títí bọ́tìnnì kan fi já,
ó ta bọ́ sínú kùrukùru.
A ò sọ̀rọ̀. Ibo ni ètè wà?

Lọ́rẹ̀ẹ̀, oòrùn ṣí ojú ọ̀run bí ẹni ṣí ìkòkò.
Òógùn bọ́. Òrí yọ́ nínú àpò mi, ó ba ìwé mi jẹ́.
Mo ní kí n gba ẹ̀wù,
Múfú ní, "Alẹ́ òní la ó padà."
Padà sínú ọyẹ́.
Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo sọ ilé wa fún un, ní Òkèsà,
ilé tó ní igi ìṣin níwájú.

Oṣù kan ààbọ̀ ni mo lò kí n tó délé.
Òjò àkọ́rọ̀ ti ń wá ọ̀nà.
Ẹ̀wù wà lórí àga, bọ́tìnnì tuntun lára rẹ̀,
pupa, láàárín àwọn dúdú.
"Ọmọ kan gbé e wá," màmá ní.
"Mo fún un níyán jẹ. Ó ní kí n bi ọ́
bóyá ètè ẹ ti san."
Ó wo ẹnu mi pẹ́.
Ó na ọwọ́ sí ìgò òrí.