Wákàtí Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Òtútù òru mú omi inú abọ́ ajá dì gbagidi.
Bàbá ti jí, ó ń ha yìnyín kúrò lójú gíláàsì katakata.
Èmi jókòó sí ilé ìdáná. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì
tí wọ́n fún mi ní oṣù Karùn-ún ṣì wà nínú páálí rẹ̀.
Ìmọ̀ òkúta ni mo kà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi wolẹ̀,
òkè ni ọkàn mi wà.

Ìwé kékeré kan wà lápò mi, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú,
inú rẹ̀ ni mo ń kọ gbogbo wákàtí tí mo ti fò sí:
mọ́kànlélọ́gọ́ta, àti ìṣẹ́jú méjìlá.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń béèrè
kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkọ̀ tó ń kó èrò.
Ẹ bá mi yọ ọ́. Mo ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá,
èyí tó kù kò dín.

Ọ̀gá ológun tó wá bá wa ní ọdún àṣekágbá ní,
"Ìjọba á kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ tó yára ju ariwo ara rẹ̀ lọ."
Ọ̀fẹ́ yẹn ń gba ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni.
Mo bi í ní ohun tí ọkọ̀ náà ń gbé sábẹ́ apá.
Ó rẹ́rìn-ín, ó wo aago.

Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Arisónà, níbi tí yìnyín kì í ti í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.
Owó rẹ̀: ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún dọ́là.
Mo kà á sókè sí Bàbá létí.
Kò fọhùn. Ó jáde, ó dúró létí oko àlìkámà,
ó ń fi ojú wọn ilẹ̀.
Mo mọ ohun tó ń wọ̀n.
"Ẹ má tà á o!" mo ké láti ẹnu ọ̀nà.
Atẹ́gùn gbé e lọ.

Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.
Òótọ́ ni. Ta ló bi ẹyẹ
ní iye tó san kí ó tó gòkè?

Delphine Laverdure ló kọ́ mi ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn,
arúgbó ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, eyín wúrà kan lẹ́nu,
tó fi ogún ọdún fọ́n oògùn kòkòrò sórí oko olóko;
òfuurufú ò sọ ọ́ di olówó, kò sì pa á.
Lọ́sàn-án, bí a ti ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ẹ́ńjìnnì,
ó ní, "Yàrá kan wà lókè ibùdó ọkọ̀. Ó ń jò díẹ̀.
Wàá gbálẹ̀, wàá máa rọ epo fún àlejò.
Bí ìwé àṣẹ olùkọ́ bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wàá máa kọ́ àwọn ọmọ mi,
wákàtí tiwọn á di tìrẹ.
Wọ́n á dẹ́rù bà ọ́. Ìwọ náà dẹ́rù bà mí."
"Ọdún mélòó?"
"Mẹ́ta. Mẹ́rin, bí yìnyín bá burú."

Mi ò dáhùn. A gòkè.
Katakata Bàbá pupa bí èèrùn lórí àwo funfun.
Mo rí i tó dúró. Mo rí i tó gbójú sókè,
tó bọ́ fìlà rẹ̀ nínú òtútù yẹn, tó jù ú.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílẹ̀, atẹ́gùn òsì fẹ́ fi wá fún pápá.
Òkèèrè ni a ti ń wo igi ganganran; mo wò ó, mo wò ó,
síbẹ̀ táyà fò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà.
Eyín wúrà tàn.
"Ṣé yàrá yẹn ní ẹ̀rọ amúlégbóná?"
"Kò ní."

Mo yọ ìwé dúdú, kí n kọ méjìlélọ́gọ́ta.
Tádáwà ti dì nínú bírò.
Mo mí sí i lẹ́nu, mo tún mí sí i,
títí ó fi gbà láti kọ.