Súnmọ́mi

Abẹ́ afárá ní Yábàá ni mo ti rà á,
lọ́wọ́ Kásálì tó ń ta ìwé àlòkù,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, kò gbà kí n ná an.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ikán ti jẹ orúkọ ẹni tó kọ ọ́.
Àwòrán iwájú rẹ̀ kò ju ojú kan ṣoṣo lọ
tó ń wo ilé ayé láti òkè,
bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ogún ọdún ó lé ni mo fi ka mítà iná kiri Òkè-Pópó,
ojú mi mọ nọ́ńbà ju ìtàn lọ.
Ṣùgbọ́n iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì,
mo jókòó ti Súnmọ́mi, àgbò mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
mo ń kà á sókè
kí ẹ̀fọn má baà rò pé mo ti sùn.

Nínú ìwé náà, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run.
Wọn ò yìnbọn. Wọn ò jó ilé ẹnikẹ́ni.
Wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n wo aláìsàn sàn,
wọ́n ń fi ọwọ́ tí kò ní ìka pa ọmọ ènìyàn lórí.
Wọ́n fún kálukú lórúkọ tuntun, orúkọ dídùn,
àwọn ènìyàn sì ń jẹ́ ẹ.
Ìran kan kọjá. Ìran kejì ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà.
Ọkùnrin kan péré ló bèèrè,
lójú ewé kọkànlélọ́gọ́fà:
“Kí ni wọ́n ń sìn wá fún?”
Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ìránṣẹ́ wa ni wọ́n, o ò rí i ni?”

Ọ̀rọ̀ kan náà ni.
Ẹrú ń sin olówó rẹ̀.
Èmi náà ń sin àgbò.

Ibẹ̀ ni ìwé já sí. Ẹnì kan ti fa ewé tó kù ya.
Súnmọ́mi ń lá iyọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi.
Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Mo padà tọ Kásálì lọ: ìparí rẹ̀ dà?
“Bàbá Mítà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ta ìwé yẹn,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà. Kò ní ìparí rí.
Ṣé kí n dá owó yín padà?”
Mo ní rárá.

Nírọ̀lẹ́ mo tú okùn lọ́rùn Súnmọ́mi,
mo ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu.
Mo ní, máa lọ.
Ó jáde. Ó dúró létí gọ́tà, níwájú ilé Ìyá Múyìbì,
ó wo apá Ìdúmọ̀tà, ó wo apá ọ̀sà,
afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun ọrùn rẹ̀.
Wọ́n ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.
Èyí ò fẹ̀yìn rìn. Ó kàn yí padà ni,
ó wọlé, ó dúró ti abọ́ rẹ̀ tó ṣófo,
ó ń wò mí.

Mo da èèpo iṣu sí i. Mo pè é lórúkọ, ó dáhùn.
Inú mi dùn.
Kí Ọlọ́run má bínú, inú mi dùn.