Nọ́ọ̀tì Méjìdínlọ́gbọ̀n

Béèrè iye ẹsẹ̀ tírélà lọ́wọ́ mi,
máa dá ọ lóhùn kí o tó pa ẹnu dé:
méjìlélógún, bí ẹyọ kan ò bá fọ́ ní Lótò.
Béèrè ṣénjì ẹgbẹ̀rún náírà.
Òǹkà ò ṣòro fún ẹni tó ń kiri omi inú ọ̀rá ní Ògèrè.

Ìgbóhò ni mo ti wá. Ọdún tí bàbá wa kú
ni mo kó ìwé mi fún àbúrò,
tí mo tẹ̀lé Mútíyá wọ mọ́tò oníláfún.
A sùn lórí àpò, a jí ní ìlú onílùú,
a funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ní páàkì yìí, ọ̀rọ̀ ara obìnrin kò nílé,
ọkọ̀ ló ń bá wọlé.
Awakọ̀ tó ti Ọ̀nìṣà bọ̀ ní omi iyọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ dànù.
Èyí tó ti Jọ́ọ̀sì bọ̀ ní kéèyàn fò sókè lẹ́ẹ̀méje.
Kálukú já ẹrù tirẹ̀ sílẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.
Àwa tí a dúró la ń rù ú.

Mútíyá mu omi iyọ̀. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀méje
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onítáyà, bàtà rẹ̀ já,
a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.
Nígbà ọyẹ́, ó gun ọkọ̀ alálùbọ́sà lóru,
kò tiẹ̀ mú báàfù rẹ̀.
Nọ́ńbà rẹ̀ ò wọlé mọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan, Nọ́ọ̀sì Ọnàfowókàn gba Ìpẹru wá,
ó fi èdè Rẹ́mọ kí wa, ìdajì ni mo gbọ́.
Kò mú ìwé dání. Ó yá nọ́ọ̀tì táyà lọ́wọ́ Wúsù,
ó ń tò wọ́n sórí páálí, gírísì ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́:
méjìdínlọ́gbọ̀n.
“Ti ẹlòmíì lè lé, ti ẹlòmíì lè dín.
Ara kì í ṣe aago báńkì.”
Ó mú èyí tó ti dípẹtà, ó ní ibí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwọn tó wà láàárín.
“Ẹ ṣọ́ ibí yìí. Ẹ má sì gbójú lé òǹkà nìkan,
ẹ tọ̀ mí wá, ohun tó dájú jù ú lọ wà lọ́wọ́ mi.
N kì í béèrè ìlú tí ẹ ti wá.”

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Àfi Wúsù, ọmọ Ègùn tí kì í sọ̀rọ̀,
tó na ọwọ́ dúdú rẹ̀ sókè bí ọmọ ilé-ìwé:
“Mà, ṣé ọkùnrin náà lè kà á?”
“Ta ló ni nọ́ọ̀tì?”
A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ojú tì mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Èmi tí mo mọ iye ẹsẹ̀ tírélà,
kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní oṣù ara mi.

Ní alẹ́, nígbà tí Wúsù ń kó irin rẹ̀ wọlé,
mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kà.
Ó wò mí. Kò béèrè.

Mo tún pe nọ́ńbà Mútíyá.