Ohùn Ìyá

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mo ní ọmọkùnrin ni.
Ojú rẹ̀ wú, mo ní oorun ló pọ̀ lójú aboyún.
Ó ní orí ń fọ́ òun, òun ń rí iná wẹ́wẹ́ nínú afẹ́fẹ́,
mo ní kó lọ jókòó sábẹ́ igi ọ̀sàn,
kó jẹ́ kí n ráyè sá ata.
Èmi tí mo bí méje ní Kétu láìmọ àwọ̀ ògiri ọsibítù.

Ní àṣálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ìbídùn fi eyín gé ahọ́n jẹ.
Ara rẹ̀ le bí igi, ó ń gbọ̀n,
ojú rẹ̀ yí, funfun rẹ̀ ló fi ń wò wá.
Ẹnìkan ní wárápá ni, ẹ fi ṣíbí sí i lẹ́nu.
Ẹnìkan ń wá àlùbọ́sà kiri.
Agbẹ̀bí kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí àdúgbò wa kò pariwo.
Ó di ọ̀já mọ́ ọn lápá, ó fún un, ó wò ó,
ó ní, “Méjìdínlógún. Àjàṣẹ́ ló kù.”

Ìpọbẹ̀. Sákétè.
Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà, itan mi ni mo fi gbà á,
torí orí rẹ̀ wà níbẹ̀.

Wọ́n fi ọ̀bẹ gba ọmọ.
Ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ, àdúrà wa nìyẹn.
A gbóhùn ọmọ.
Obìnrin ni.
Ọ̀pá ike wà lọ́fun ìyá,
ẹ̀rọ ló ń bá a mí,
fùùù, ó dúró, fùùù,
bí ẹni tí ń fẹ́ iná igi tútù.

Reyá ni wọ́n ń pe iyàrá náà.
Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mo ń wọ̀ ọ́, ọ̀rá ní bàtà mi.
Sènamí, nọ́ọ̀sì òru, ń sọ Gùn, èmi ń sọ Kétu;
ó nàka sí àpò ìtọ̀ tó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.
Lánàá ó dúdú bí àgbo. Lónìí ó ti mọ́ díẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín.
Mi ò rí ẹni tí ìtọ̀ ẹlòmíràn dùn mọ́ nínú báyẹn rí.

Ọmọ mi ta alùpùpù rẹ̀, ó fi ra àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta.
Ìyá ará Àvránkú kan tẹ́ ẹní rẹ̀ ti tèmi ní fàráńdà.
Wọ́n pè é wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kẹta.
Ó jáde, ó ká ẹní, kò wojú ẹnikẹ́ni.
Ó fi garawa rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ kẹfà, wọ́n yọ ọ̀pá.
Ohùn rẹ̀ ha bí ilẹ̀kùn àká tó pẹ́ ní títì.
Mo tẹ̀ mọ́ ọn, mò ń retí kó bèèrè ọmọ,
mò ń retí kó bú mi.
Ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ kó ata wọlé?”

Òjò ti ba ata yẹn jẹ́ láti Ọjọ́bọ̀.
Mo ní, “Mo kó o.”
Èyí nìkan ni irọ́ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ pa fún un.